Plọ́ọ̀tì Kan Ṣoṣo: Ohun Tí Ilẹ̀ Àdásí Ìlú Wa Kọ́ Mi

Ọdún 2014 ni mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, lẹ́yìn ọdún 33 tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní jọ́gíráfì, mo sì padà sí ìlú tí wọ́n ti bí mi ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìlú kékeré ni. Ẹni tí ó bá fẹsẹ̀ rìn láti ààfin dé ibi tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí kò ní lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, bí àwọn ojúlùmọ̀ kò bá dá a dúró láti kí i. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí mo dé tí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú fi mú mi ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ ilẹ̀, ìyẹn ìgbìmọ̀ tí ó yẹ kí ó máa ṣọ́ àwọn ilẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ kọ́lé sí. Mo rò pé kí n máa kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé lásán ni wọ́n ní kí n wá ṣe.

Ilẹ̀ mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Igbó kan wà tí ó yí ìsun odò wa ká, níbi tí omi ti ń yọ lábẹ́ àpáta kan tí kò ga ju ìbàdí ènìyàn lọ, tí ó sì máa ń tutù débi pé eyín a dun ẹni tí ó bá mu ún ní kùtùkùtù ọyẹ́. Nísàlẹ̀ igbó yìí ni akùrọ̀ wà, ilẹ̀ tútù tí àwọn obìnrin ń gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí gbogbo oko yòókù bá ti gbẹ. Àwọn méjì tí ó kù ni pápá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti gbangba ọjà tí ó wà níwájú ààfin, tí igi odán méjì ṣíji bò.

Bàbá mi a máa sọ pé nígbà èwe òun, ẹni tí ó bá wọ igbó ìsun lọ́sàn-án gangan kò ní rí òjìji ara rẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí èmi dé, mo dúró lórí àpáta ìsun náà, mo sì ń wo páànù orí ilé mẹ́ta láàárín àwọn igi. Inú bí mi. Mo kó àwọn ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé àtẹ̀yìnwá jọ, mo sì jókòó tì wọ́n fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo ń wá ẹni tí ó ta ilẹ̀ ìlú bí ẹni ń wá olè.

N kò rí olè kankan. Nọ́ọ̀sì tí ìjọba gbé wá sí ilé ìwòsàn wa ni wọ́n fún ní ilẹ̀ ilé àkọ́kọ́, kí ó má baà bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣí òun nípò kúrò. Opó kan tí òjò wó yàrá rẹ̀ ni wọ́n fún ní èkejì, pé kí ó fi igun kan kọ́ yàrá méjì. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti àwọn ọdẹ ìlú, tí wọ́n nílò ibi tí wọn yóò máa jókòó sí lóru. Lápá akùrọ̀, wọ́n ti gbà kí wọ́n ri òpó tẹlifóònù mọ́lẹ̀, owó tí wọ́n san ni a sì fi tún tìráńsífọ́mà ṣe. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí èmi kò ní fọwọ́ sí bí mo bá wà níjókòó lọ́jọ́ náà. Plọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ni olúkúlùkù tọrọ, ìdí tí ó sì fi tọrọ rẹ̀ mọ́gbọ́n wá. Lọ́dọ̀ wa, plọ́ọ̀tì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, éékà kan kò sì ju plọ́ọ̀tì mẹ́jọ lọ bí a kò bá tilẹ̀ yọ ọ̀nà kúrò nínú rẹ̀. Nítorí náà, ìgbìmọ̀ aláàánú tí ó bá ń fi plọ́ọ̀tì kan tọrẹ lọ́dọọdún yóò ti fi éékà kan tọrẹ tán kí ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún àkọ́kọ́ tó wọ kíláàsì kẹta.

Ajagungbalẹ̀ ni a máa ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n ajagungbalẹ̀ a máa fi ariwo wọlé, gbogbo ìlú a sì jáde sí i. Àwọn tí wọ́n jẹ igbó wa kí wa kú iṣẹ́ ìlú, wọ́n sì kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Èmi fúnra mi wà lára wọn, n kò sì lè kọ ìrírí yìí kí n fo ibẹ̀ dá. Ní ọdún 2016, mo wà nínú ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ìjọ tí mo ń lọ. Ẹ̀yìn ilé ìjọsìn wa ni akùrọ̀ náà wà, bí a bá sì ń ṣe òkú àgbà, ọkọ̀ àwọn àlejò a máa dí ojú títì pa. A ní kí ìlú yọ̀ǹda igun kékeré kan fún wa láti máa gbé ọkọ̀ sí. Èmi ni mo kọ lẹ́tà náà lórúkọ ìjọ, èmi náà ni mo sì gbà á lórúkọ ìgbìmọ̀ ilẹ̀, tí mo kà á sétí ìpàdé. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Típà mẹ́sàn-án ni ó da yẹ̀pẹ̀ pupa síbẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún tí ó tẹ̀lé e, omi tí ó ti máa ń tẹ́ ara rẹ̀ sórí akùrọ̀ kò rí ibi tẹ́ sí mọ́. Ó gba ojú títì kọjá, ó sì wọ àwọn ìsọ̀ tí ó wà lẹ́yìn ọjà. Ìyá kan tí ó ń ta èlùbọ́ níbẹ̀ kó àpò mẹ́rin jáde sínú oòrùn lọ́jọ́ kejì, ó tẹ́ wọn sórí ẹní, ṣùgbọ́n kí ó tó di ọjọ́ kẹrin ewú aláwọ̀ ewé ti bò ó. Kò bá mi jà. Ó bu ìkúnwọ́ kan sínú ọ̀rá, ó gbé e wá sílé mi, ó sì gbé e ka orí tábìlì níwájú mi. Ó ní, “Tíṣà mi, ẹ bá mi wò ó, ṣé a ṣì lè fi rokà?”

Mo wà ní Ìbàdàn lọ́jọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa kún ya wọ ìlú, tí ó gbé ilé, ọkọ̀ àti ènìyàn lọ, nítorí pé wọ́n ti kọ́lé sétí odò, wọ́n sì ti fi ìdọ̀tí dí ojú ọ̀nà rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà náà. Láti ìgbà tí mo ti di olùkọ́ ni mo ti ń fi Ògùnpa ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Nígbà tí Ìbàdàn tún kún lọ́jọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, mo yà á sójú pátákó fún wọn bí akùrọ̀ ṣe dà bí kànìnkànìn, tí ó ń fa omi òjò mu nígbà tí ó bá pọ̀, tí ó sì ń jẹ́ kí ó máa jò lọ díẹ̀díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ yìí, n kò rántí rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ń kọ lẹ́tà ìjọ. Ẹni tí ó mọ nǹkan lórí pátákó lè máà mọ̀ ọ́n nídìí tábìlì ìpàdé, pàápàá bí àwọn tí ó ń bẹ̀bẹ̀ bá jẹ́ ènìyàn rẹ̀. Láti ìgbà náà ni a ti fi í sínú òfin ìgbìmọ̀ pé ẹni tí ẹbí, ìjọ tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá tọrọ ilẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú yàrá ìpàdé, kí a sì fi ọjọ́ 21 sílẹ̀ láàárín ìbéèrè àti ìdáhùn.

Kí ó tó di ìgbà náà, ìkéde ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí ìlú mọ̀ láti fi dá ilẹ̀ sí. Kábíyèsí a rán akéde, akéde a lu agogo yí ìlú ká pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáko tàbí kọ́lé sínú igbó ìsun. A ó gbọ́, a ó sì dáhùn pé kí adé pẹ́ lórí. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá béèrè pé níbo gan-an ni igbó náà ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ni a ó nà sí ọ̀ọ́kán. Igbó tí ó jẹ́ pé ọwọ́ nínà ni ààlà rẹ̀ a máa sún sẹ́yìn bí ẹni tí ó nawọ́ ṣe ń sún mọ́ ọn.

Ní oṣù kejì ọdún 2018, a mú ọjọ́ Sátidé mẹ́rin láti fẹsẹ̀ rìn yí ilẹ̀ náà ká. Bàbá ọdẹ kan tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ni ó ṣíwájú. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọmọ mi gbé fóònù tí ó ń fi GPS sàmì sí gbogbo ibi tí a bá dúró. Èmi mú ìwé àti pẹ́ńsùlù dání. Bàbá ọdẹ mọ àwọn igi bí ẹni mọ ará ilé rẹ̀, ó fi ìrókò kan hàn wá, ó fi àfàrà hàn wá, ó sì mú wa dé ibi tí pèrègún mẹ́ta ti tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ nínú ìgbẹ́, èyí tí ó fi hàn pé àwọn àgbà kan ti pa ààlà síbẹ̀ rí. Pèrègún ni àwọn baba wa fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí o gé e tí o tún fi gún ilẹ̀, yóò hù, iná ìgbẹ́ kì í sì í tètè pa á. Inú mi dùn sí pèrègún mẹ́ta yẹn ju bí inú mi ṣe dùn sí fóònù lọ.

Àwọn obìnrin mẹ́rin tí ń ṣe akùrọ̀ tẹ̀lé wa lọ́jọ́ kẹta, a kò sì pè wọ́n. Inú ebè wọn ni a gbà kọjá. Bàbá ọdẹ dúró nídìí ọ̀pẹ kan, ó ní ibẹ̀ ni akùrọ̀ parí sí. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, ẹ̀ẹ̀rùn lẹ fi mọ ibí. Ẹ wá ní oṣù kẹsàn-án, omi á dé orúnkún yín.” Ó mú ọkọ́, ó gbẹ́ ilẹ̀ níbi tí bàbá dúró sí, kò sì gbẹ́ ẹ ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ tí amọ̀ eérú fi yọ, tí omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í rú jọ sí ìsàlẹ̀ ihò náà. Bàbá ọdẹ wo omi, ó wo obìnrin náà, ó sì kó ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ náà láìsọ̀rọ̀. Láti ibẹ̀ lọ, obìnrin yìí ni ó ń ṣíwájú. Níbikíbi tí a bá gbẹ́ tí omi bá yọ, akùrọ̀ ni. Níbi tí omi kò bá ti yọ, a óò dúró. Ààlà tí a fi ọkọ́ wá yìí fi bí éékà méjì kún èyí tí a rò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a ṣírò gbogbo rẹ̀, igbó tí ó kù jẹ́ éékà 14, akùrọ̀ sì jẹ́ éékà 9. Máàpù ìjọba ti àwọn ọdún 1960, tí mo fi kọ́ ọmọ nígbà kan, fi igbó náà hàn ní ìlọ́po méjì ìwọ̀n yìí.

Bí a ti ní máàpù tán ni ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí kò sí ìwé, gbogbo ènìyàn ni ó ń sọ pé ilẹ̀ ìlú ni. Bí a ṣe gbé ìwé dé pé kí a jọ fọwọ́ sí i, ẹbí méjì dìde pé tiwọn ni, pé àwọn bàbá wọn ni ó yá ìlú lò. Kò sì jẹ́ irọ́ pátápátá. Olórí ọ̀kan nínú àwọn ẹbí náà gbà láti fọwọ́ sí i lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní òun nìkan tó. Ọpẹ́lọpẹ́ agbẹjọ́rò kan, ọmọ ìlú wa, ni kò jẹ́ kí a gba ìfọwọ́sí yẹn. Ó ṣàlàyé pé lábẹ́ òfin, bí olórí ẹbí bá dá fi ilẹ̀ ẹbí sílẹ̀ láìsí àwọn àgbà ẹbí yòókù, àwọn yẹn lè lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n yí i padà. Bí àwọn yẹn náà bá ṣe é láìsí olórí ẹbí, òfo ni. Nítorí náà, a wá ẹnì kan láti inú ìdí igi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé láti ọ̀dọ̀ ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan tí bàbá ńlá wọn fẹ́. Oṣù méje ni ó gbà wá. Ẹ mọ̀ pé òṣómàáló ni àwọn bàbá wa, ìyẹn àwọn oníṣòwò aṣọ tí ń ti ìlú dé ìlú. Ẹ̀ka kan wà ní Jọs, òmíràn ní Kánò, a sì ń fi ìwé rán awakọ̀ bí ẹni ń fi ẹrù ránṣẹ́. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní a ń fi àkókò ṣòfò. Lójú tèmi, oṣù méje yẹn ni ohun tí a ṣe tí ó lágbára jù lọ, torí nígbà tí ọmọkùnrin kan nínú ẹbí náà fẹ́ gé plọ́ọ̀tì tà ní ọdún 2021, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó wà ní Jọs ni ó pè é lórí fóònù tí ó bá a wí, kì í ṣe àwa.

Ìjọba ńkọ́? Òfin Lílo Ilẹ̀ tí ó jáde lọ́jọ́ 29, oṣù kẹta, ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà láti máa bójú tó o fún gbogbo ènìyàn, ó sì fi èyí tí kò sí nínú ìlú ńlá sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Òfin ètò ìlú ti ọdún 1992 ní kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àjọ tirẹ̀ tí yóò máa fọwọ́ sí ilé kíkọ́; nígbà tí ó sì di ọdún 2003, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ètò ìlú wà, kò sí lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Àwọn kan nínú wa fẹ́ràn láti máa ka abala ogún nínú ìwé òfin ọdún 1999, pé ìjọba yóò dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́, ilẹ̀ àti igbó. Ọ̀rọ̀ dídùn ni, ṣùgbọ́n ìwé òfin kan náà ni ó sọ pé ènìyàn kò lè torí orí ìwé tí abala yẹn wà pe ìjọba lẹ́jọ́, mo sì gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n yéé fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà wọn.

Ohun tí ó ṣiṣẹ́ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. A lọ sí ọ́fíìsì ètò ìlú ní olú ìjọba ìbílẹ̀, a múra ìjà lọ. Òṣìṣẹ́ tí a bá níbẹ̀ dìde kí wa, ó ṣí àpótí onírin, ó sì yọ fáìlì ìlú wa jáde. Ìwé iléepo kan ṣoṣo ni ó wà nínú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin mọ́mì, mi ò lè kọ̀ fún ẹni tó fẹ́ kọ́lé síbi tí mi ò mọ̀ pé ẹ dá sí.” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tì wá lójú. Gbogbo ọdún tí a fi ń bú wọn nínú ìpàdé, a kò fún wọn ní bébà kan rí. A dá owó jọ, a gba awọnlẹ̀ tí ó ní ìwé àṣẹ, ó ri àwọn òpó kọnkéré tí wọ́n ń pè ní bíkíìnì mọ́ igun kọ̀ọ̀kan, a sì fi ẹ̀dà sọ́fè náà sínú fáìlì yẹn pẹ̀lú ìwé tí àwọn ẹbí fọwọ́ sí. Láti ìgbà náà, ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dá ìwé ilé kíkọ́ padà nítorí rẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018 kan náà, àwa mẹ́fà lọ sí Òṣogbo láti wo igbó Ọ̀ṣun. Igbó yẹn jẹ́ hẹ́kítà 75 láàárín ìlú ńlá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí ojúbọ ń wó, tí wọ́n sì ń gé igi ibẹ̀. Susanne Wenger, obìnrin ará Austria tí àwọn ará Òṣogbo ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, pẹ̀lú àwọn àwòrò àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà, ni wọ́n jọ dúró tì í. Ìjọba kéde apá kan rẹ̀ ní ohun ìní orílẹ̀-èdè ní ọdún 1965, ó sì fẹ̀ ẹ́ kan gbogbo rẹ̀ ní ọdún 1992. UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005, pẹ̀lú hẹ́kítà 47 mìíràn tí ó yí i ká gẹ́gẹ́ bí ìgbèjà. Èyí tí ó wọ̀ mí lọ́kàn ni bí ọdún Ọ̀ṣun ṣe ń mú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ wọ inú igbó náà lọ́dọọdún. Bí ẹnì kan bá fi òru kọ́ ògiri sójú ọ̀nà Arugbá, kò ní pé ọdún kan kí gbogbo ayé tó rí i.

Nígbà tí ó sì di ọdún 2021, ìròyìn gba ìlú pé omi Ọ̀ṣun ti pọ́n bí ẹrẹ̀ nítorí àwọn tí ń wa wúrà lókè odò, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tiwa yìí. Ní ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn tí ó wá sí ọdún pé kí wọ́n má mu omi náà. Igbó wà, òfin wà, UNESCO wà, ìdọ̀tí sì gba inú omi wọlé. Àwa tún máàpù tiwa gbé. A rí i pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ó wà lókè àpáta ìsun, tí a ti fi sílẹ̀ nítorí pé oko kòkó ni, ni omi tí a ń mu ti ń wọlẹ̀. A kò lè gba oko olóko. A bẹ àwọn mẹ́ta tí ó ni í pé kí wọ́n má fín oògùn apakòríko láàárín ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ sí àpáta náà, kí wọ́n sì fi igi ńlá ibẹ̀ sílẹ̀. Méjì gbà; ẹ̀kẹta ní òun ń rò ó, ó sì ń rò ó títí di òní.

Àṣìṣe mi kejì tún wá láti inú ọgbọ́n mi. Àwọn olùṣọ́àgùntàn àti lèmọ́mù sọ pé àwọn kò ní fọwọ́ sí ìwé tí ó ń dáàbò bo igbó ìsun wa, nítorí pé igbó òrìṣà ni. Mo ní kò burú, mo yọ orúkọ òrìṣà kúrò, mo kọ “Igbó Ìsun Odò” sí i, gbogbo wọn sì fọwọ́ sí i. Inú mi dùn. Mo wá gbé e lọ fún àwòrò àgbà tí ìran rẹ̀ ń tọ́jú ibẹ̀. Ó kà á tán, ó dá a padà fún mi. Ó ní, “Tíṣà, ẹ̀yin lẹ yọ orúkọ, ẹ tún ní kí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ wá fọwọ́ sí i.” Fún ọdún méjì, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kò yẹ ọ̀nà igbó náà mọ́, bí wọ́n ti máa ń ṣe ṣáájú ọdún ìbílẹ̀. Ọ̀nà dí, ẹsẹ̀ ènìyàn dá níbẹ̀, àwọn onígẹdú sì gba ẹ̀yìn wọlé, wọ́n gé ìrókò tí bàbá ọdẹ fi hàn wá. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà ni a tó mọ̀. Mo lọ bẹ àwòrò pẹ̀lú obì àti àwọn àgbà mẹ́ta. Ìwé tuntun tí a kọ ní orúkọ méjèèjì lára, ti òrìṣà àti ti ìsun, olúkúlùkù sì fọwọ́ sí abẹ́ èyí tí ó bá fẹ́. Olùṣọ́àgùntàn kan kùn, ṣùgbọ́n omi ibẹ̀ ni ó ń mu.

Akùrọ̀ ni ó kọ́ wa bí a ṣe ń rí owó olùṣọ́. Tẹ́lẹ̀, owó tí àwọn ọmọ ìlú tí ó wà lókè òkun bá fi ránṣẹ́ ni a fi ń sanwó fún ọdẹ kan, bí owó bá sì pẹ́, ọdẹ a lọ sóko rẹ̀. Ní ọdún 2019, a pín akùrọ̀ sí ebè, a sì fi ebè kọ̀ọ̀kan sábẹ́ obìnrin kan fún owó kékeré lọ́dún, pẹ̀lú àdéhùn pé kò gbọdọ̀ kọ́ nǹkankan síbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn láìsọ fún ìgbìmọ̀. Owó náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹrin, kò sí òwúrọ̀ tí ènìyàn ogún kò sí lórí ilẹ̀ náà pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí típà kan tún fẹ́ da yẹ̀pẹ̀ sétí akùrọ̀, wọ́n ti dúró níwájú rẹ̀ kí fóònù tó dé ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n tún fi àálè kọ́ gbogbo igun ilẹ̀ náà, ìkarahun ìgbín, ìyarun tí ó ti kán àti ṣùkù àgbàdo tí wọ́n fi okùn so pọ̀. Mo ti ra pátákó tí a kọ ìkìlọ̀ sí, ó sì ti ná ìgbìmọ̀ lówó. Òjò fọ ọ̀dà rẹ̀ lọ láàárín ọdún méjì, ẹnì kan sì fi páànù rẹ̀ tún ilé adìyẹ rẹ̀ ṣe. Kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kan àálè.

Gbangba ọjà kò fún wa ní wàhálà kankan. Ojoojúmọ́ ọjà ni àwọn ènìyàn ń pàtẹ síbẹ̀, bí ọwọ́ ẹnì kan bá sì kọjá ààyè rẹ̀, ìyálọ́jà kò ní dúró de ìgbìmọ̀. Ti pápá ilé ẹ̀kọ́ ni ó dùn mí. Ilẹ̀ ìjọba ni, a kò fi í sínú sọ́fè tiwa, agbaṣẹ́ṣe kan sì gbé kíláàsì tuntun mẹ́ta kalẹ̀ sí àárín gbùngbùn pápá náà nígbà ọlidé, nígbà tí àyè gbọọrọ wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó ya àwòrán ilé náà kò dé ìlú wa rí. Àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù nísinsìnyí lójú títì tí ọlọ́kadà ń gbà, a sì ń kọ lẹ́tà.

Lọ́jọ́ kejì Àjíǹde ọdọọdún, nígbà tí àwọn ará Èkó àti Ìbàdàn bá wálé, a máa ń rìn yí ààlà igbó àti akùrọ̀ ká. Àwọn ọmọdé ni ó ń gbé igi pèrègún, àgbà a gbẹ́ ihò, a óò gbìn ín sáàárín àwọn bíkíìnì, àwòrò a sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nídìí àpáta, àwọn ọmọ ìjọ a sì kọrin ní tiwọn lọ́ọ̀ọ́kán díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a máa ń jẹ iyán. Pèrègún 61 ni a ti gbìn. Mo máa ń kà wọ́n fúnra mi ní ìparí oṣù, mo sì máa ń kọ ọ́ sínú ìwé kan náà tí mo fi kọ ọ̀rọ̀ lẹ́tà ìjọ lọ́jọ́sí.

Ní ìparí oṣù tó kọjá, mo ka 58. Mẹ́ta tí kò sí náà tò tẹ̀lé ara wọn lápá ìwọ̀ oòrùn. Ẹnì kan fà wọ́n tu, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ ihò wọn pa. Ilé tí ó wà létí ibẹ̀ jẹ́ ti ọmọ àbúrò bàbá mi, ó sì ti béèrè lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yìí bóyá ìgbìmọ̀ lè fún òun ní àyè díẹ̀ láti fi kọ́ ilé ìdáná fún ìyàwó rẹ̀. Èmi àti obìnrin tí ó gbẹ́ ilẹ̀ tí omi yọ lọ́jọ́ yẹn ti jọ gé pèrègún mẹ́ta láti ẹ̀yìnkùlé obìnrin náà. A ó lọ bá ọmọ àbúrò bàbá mi lọ́la, lẹ́yìn tí ó bá ti oko dé, ọkọ́ á sì wà lọ́wọ́ wa.